Ìlú Inú Rọ́bà

Ibà Bàbá Ajíbádé tún dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tó lo òògùn rẹ̀ tán. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Mofọláyọ̀, aya rẹ̀, kò tilẹ̀ lọgun mọ́. Ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó, ó mú fóònù, ó pe Fàtímọ̀.

"Fàtímọ̀, tíṣà yín tún ti ń gbọ̀n o."

Fàtímọ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ó ń ti Chanchaga bọ̀ wá síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní láàbù ilé ìwòsàn. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ yà sí Soje, àdúgbò Bàbá. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti bo gbogbo òrùlé, eruku pupa Minna yẹn tí kì í kúrò lára aṣọ funfun ẹni, tí èèyàn a sì tún máa ṣàárò rẹ̀ tó bá ti jìnnà síbẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bàbá Ajíbádé ti Ìkìrun wá sí Minna. Sáyẹ́ǹsì ló fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́kọ́ fi máíkírósíkóòpù han Fàtímọ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí ilé ẹ̀kọ́ ní, tí ọgọ́ta ọmọ ń tò sídìí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìtọ̀ há mọ́ ọn. Ẹ̀yà ara kékeré tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, prósítéètì, ti wú, ó ti dí ọ̀nà pa. Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ inú àpòòtọ̀ rẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa gba ibẹ̀ sínú báàgì tí wọ́n so mọ́ itan rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun kò ní fi abẹ kan ẹni tí ibà ń ṣe, ibà sì kọ̀, kò lọ. Bí kòkòrò inú ìtọ̀ yìí bá gba inú kíndìnrín bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, a kò tún ní máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ mọ́.

Ohun tó ń jẹ Fàtímọ̀ lọ́kàn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbin ìtọ̀ Bàbá sínú àwo ní láàbù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni òògùn tí dókítà kọ sì pa kòkòrò náà run bí ẹni gbá ilẹ̀. Nínú àwo, wọ́n kú. Nínú Bàbá, wọn a sá fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn a tún yọjú.

"Sannu, Baba," ni ó wí bó ṣe wọlé.

"Sannu kí ni?" Eyín Bàbá ń lu ara wọn. "Yorùbá ni kí o fi kí mi, kí n tó kú."

"Ẹ ò ní kú, sà. Ẹ kú àárọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn dára."

Ó gba ìtọ̀ díẹ̀, ó wá jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti fọwọ́. Ibẹ̀ ló ti rí báàgì ìtọ̀ kan lórí okùn aṣọ, tí omi ń kán lára rẹ̀, láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá àti ìró Ìyá.

"Èyí ńkọ́, Mà?"

"Méjì ló ní," ni Ìyá Mofọláyọ̀ wí, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. "Àràárọ̀ ni mò ń yọ èyí tó wà lára, mo máa fi Izal fọ̀ ọ́, mo máa sá a, mo máa fi èkejì bọ̀ ọ́. Mi ò gba ìdọ̀tí láyè, o mọ̀ mí."

Fàtímọ̀ ki ìka sí ẹnu rọ́bà báàgì náà. Inú rọ́bà náà yọ̀ bọ̀rọ́.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n mú èyí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ èyí tó wà lára wọn mọ́ títí n ó fi padà. Àti rọ́bà inú lọ́hùn-ún, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?"

Ìyá wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá rẹ kọ̀. Ó ní ọkùnrin méjì ló di òun mú lọ́jọ́ tí wọ́n ki rọ́bà náà, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń dà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìtọ̀ bá ṣì ń jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ní láàbù, Fàtímọ̀ fi abẹ la rọ́bà báàgì náà gbọọrọ bí ẹni la ẹja. Ikun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ sínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹni fi funfun ẹyin kùn ún. Izal oṣù mẹ́ta ti gba orí rẹ̀ kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kán aró aláwọ̀ àlùkò sí i, ó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aró kò ṣí. Ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣi nǹkan mìíràn gbé. Láti ọdún méjìlá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe ń rí kòkòrò nínú ìtọ̀ ni kí wọ́n fọ́nká, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fọ́nká. Òkìtì ni wọ́n mọ, òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, pẹ̀lú àlàfo tóóró láàárín wọn tí omi ń gbà kọjá, nǹkan kan sì bò wọ́n lórí bí òrùlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kan ló ti rí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sójà ara Bàbá. Wọ́n pọ̀. Wọ́n tò mọ́ ara ògiri náà, wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn mìíràn ti bẹ́, okùn inú wọn ti tú síta bí àwọ̀n tí wọ́n jù tí kò bá ẹja.

"Lahaula," ni Fàtímọ̀ wí, ẹnu yà á, kò sì mọ ẹni tí òun ń káàánú, tàbí ẹni tí òun ń yìn.

Ó gé rọ́bà náà kélekèle. Ó fi ikun sílẹ̀ lára àwọn kan, ó ha ti àwọn yòókù sínú omi iyọ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí wọ́n fi tú ká. Òògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ló fún gbogbo wọn. Nígbà tó gbìn wọ́n, tí ilẹ̀ mọ́, ó wo àwo, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ló tó pe ilé Bàbá ní Soje.

Abẹ́rẹ́ tí dókítà fún Bàbá ti rọ ibà náà díẹ̀, ó sì lè jókòó. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá, òun àti aya rẹ̀, ó wé ọrùn bí ẹni tó ń lọ sí Jos. Fàtímọ̀ fa àga fún un. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ máíkírósíkóòpù, ó yí i díẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé?"

"Ọ̀kan ló kọ́kọ́ dé, sà. Ó ní irun wẹ́wẹ́ tí máíkírósíkóòpù yìí kò lè fi hàn wá, ó fi di ara rọ́bà mú. Ìtọ̀ ń ṣàn, kò gbá a lọ. Ó bímọ. Wọ́n ń tu oje kékeré kan síta, oje yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye ara wọn. Tí ó bá ti pọ̀ tó, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ti pé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù bo ara wọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ ń dún. "Bí a ṣe ṣe Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò, nìyẹn! Èmi àti Fáṣínà ọ̀rẹ́ mi, yàrá kan, ẹní kan. Fáṣínà kọ lẹ́tà sílé, àbúrò rẹ̀ dé. Àbúrò mú ọ̀rẹ́ dání. Ká tó mọ̀, a ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ," ni Ìyá Mofọláyọ̀ wí. "Ó ń yin ohun tó fẹ́ pa á!"

"Iṣẹ́ wọn ni mò ń yìn. Mi ò ní kí wọ́n máa gbé lára mi." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀rí dà, Fàtímọ̀?"

Ó gbé àwo méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan mọ́ nigínnigín. Kòkòrò kún ìkejì dẹ́múdẹ́mú.

"Àwọn tí mo tú ká nìyí, sà, òògùn pa gbogbo wọn. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ lára rọ́bà nìyí."

"Òògùn kan náà?"

"Kan náà, sà."

"O tún un ṣe?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ìyá Mofọláyọ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Báàgì tí mò ń yọ yẹn ńkọ́?"

"Ìgbàkígbà tí ẹ bá yọ ọ́, Mà, ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún wọn."

"Áà. Èmi tí mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀."

"Ta ló kọ̀ láti pààrọ̀ rọ́bà?" ni Bàbá wí. "Ṣé ìwọ ni? Fi ẹ̀bi tèmi sílẹ̀ fún mi." Ó fọwọ́ pa eékún rẹ̀. "Fàtímọ̀, ó máa dùn mí."

"Yóò dùn yín, sà. Ṣùgbọ́n òògùn tí wọ́n bá fún yín tí ìlú yẹn ṣì wà nínú yín, orí òrùlé wọn lásán ló ń rọ̀ sí."

Bàbá tún tẹ ojú mọ́ máíkírósíkóòpù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó gbé e kúrò, ó ní, "Pe ẹni tó máa yọ ọ́."

Saifullah, nọ́ọ̀sì ọmọ Nupe kan tó ga bí igi, ló dé. "Ba komai, Baba, kò séwu," ló ń wí bó ṣe ń tì í wọ yàrá. Ó fi jẹ́lì tó ń mú ara kú sí i, ó dúró kó ṣiṣẹ́ dáadáa kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fàtímọ̀ àti Ìyá wà níta. Wọ́n gbọ́ Bàbá tó ké lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọ tó ń bi Saifullah bóyá ó ka sáyẹ́ǹsì ní girama. Bàbá jáde, òógùn bò ó. Rọ́bà tuntun ló wà lára rẹ̀, ti àtijọ́ wà nínú àwo, èépá funfun ti yí orí rẹ̀ ká bí iyọ̀.

Ọjọ́ méje ni wọ́n tún fi fún un ní òògùn. Báàgì kò kúrò lára rọ́bà, ibà kò sì padà. Ọjọ́ keje lẹ́yìn tí òògùn tán, Fàtímọ̀ gba ìtọ̀ Bàbá, ó fi aró sí i, ó jókòó tì í. Kò sí òkìtì. Kòkòrò bíi mélòó kan ló kù, wọ́n fọ́nká. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà láàárín ibẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ. Fàtímọ̀ yí gíláàsì náà kó lè rí i kedere: kòkòrò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó ti gbé wọn mì.

Saifullah yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Madam, dókítà ń béèrè èsì. Kí lẹ ń wò láti àárọ̀?"

"Mò ń wo ẹni tó ń jẹun."

"Ta ni?"

"Sọ fún dókítà kó mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún Bàbá," ni Fàtímọ̀ wí, kò sì gbé ojú kúrò.