Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Ní Bíréèkì

Múfú, jókòó ná kí o tó gbé sípánà. Mo lá àlá kan lóru àná tí kò jẹ́ kí n lè jẹun láàárọ̀ yìí.

Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi yìí, tí èmi àti ìwọ ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ni mo bá nínú pálọ̀. Mi ò tiẹ̀ béèrè bó ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mò ń yí kabúrétọ̀ rẹ̀, mò ń fetí sí ẹ́ńjìnì ńlá tí a gbé sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ikọ́ bàbá mi gan-an ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ni wọ́n jókòó sáyè awakọ̀. Òrùlé ọkọ̀ tí èmi àti ìwọ gé kí ó lè rẹlẹ̀ yẹn ti tẹ ọrùn wọn sápá òsì, fìlà wọn ń ha irin.

Wọ́n ní, "Wọlé, ká máa lọ."

Mo ní, "Bàbá, a ò tíì so bíréèkì ẹ̀."

"Ibi tí à ń lọ, a ò ní dúró."

Láti kékeré ni àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wa pé bí òkú bá pe èèyàn lójú àlá, a kì í bá a lọ. Mo rántí rẹ̀ lójú àlá náà. Ṣùgbọ́n ọrùn wọn ló ká mi lára. Mo ṣílẹ̀kùn kí n lè fà wọ́n jáde.

Ibẹ̀ ni mo jí sí. Mi ò rántí pé mo wọlé. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti jí, ọrùn ń dùn mí, lápá òsì.