Ọwọ́ Heladio Lára Ògiri Àká

Ní Yaguiná, ìlú wa lórí òkè, bí ènìyàn bá ní òun mọ̀ ọ́n fò, a kì í bá a jiyàn. Ògiri àká ìlú la máa ń nawọ́ sí fún un. Àká náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n, níwájú ilé ìjọsìn. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, òrùlé rẹ̀ sì yọ síta débi pé òjò kì í kan ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fò á ti ọwọ́ bọ ẹfun, ẹfun kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń se àgbàdo, á sáré wá, á fò, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri. Ibi tí ọwọ́ funfun náà bá wà, ibẹ̀ ló fò dé. Ìlú ò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ènìyàn kúkúrú ni wá. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa sọ pé àgbàdo wa ga jù wá lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù agbọ̀n ti wọ̀ wá lára. Ìlú tí kò ní dókítà ní pápá, ìlú tí mọ́tò kò lè dé ní pápá. Bí ọdún ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú wa bá dé, àwọn tó yí wa ká á wá bá wa figagbága, akọ màlúù sì ni ẹni tó bá borí ń fà lọ sílé. Nítorí náà fífò kì í ṣe eré lásán. Ẹni tí Ọlọ́run kò fún ní gígùn gbọ́dọ̀ lọ wá a lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọwọ́ tó ga jù lára ògiri yẹn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Heladio lorúkọ rẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ wá iṣẹ́ ní àríwá, lẹ́yìn ààlà orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé ẹrù, wọ́n ti ń kánjú, ó ní kí wọ́n dúró de òun, ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó fò. Gbogbo ìka rẹ̀ hàn ketekete, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ̀ síta bó ṣe rí gan-an, nítorí àdá ti ṣá a níbẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa irun mi.

"Otilia, ọjọ́ tó o bá lè bọ̀ mí lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, màá mọ̀ pé o ti dàgbà."

Lẹ́yìn náà ló gbé àpò rẹ̀, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ìkúukùu.

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ránṣẹ́ wá pé àwọn pínyà lójú ọ̀nà, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Màmá ò sunkún lójú wa. Ohun tó ń ṣe ni pé, bó bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, á dúró níwájú àká pẹ̀lú igbá lórí, á gbójú sókè, á ní, "Ṣé o jí ire?" Á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìlú ẹlẹ́yà ni Yaguiná, wọ́n á fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú opó rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ rí pé ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tí ọdún ẹni mímọ́ tún kù díẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú kéde pé wọ́n máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri àká. Ìbaaka ti gbé sìmẹ́ńtì náà gòkè wá, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Wọ́n ní ojú á tì wá bí àlejò bá tún bá ògiri amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Sátidé tó ṣáájú ọdún ni wọ́n máa ṣe é, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ìlú, ilé kọ̀ọ̀kan á yọ ènìyàn.

Èmi ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n nígbà náà. Ọwọ́ tèmi náà wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ibi tí ìgbọ̀nwọ́ Heladio ìbá wà ló dúró sí, ká ní ògiri fún un ní ìgbọ̀nwọ́. Mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bò ó. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́dún yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí oòrùn fi ń wọ̀, iwájú ògiri ni wọ́n ti ń rí mi. Mo rò pé bí mo bá ṣe fò pọ̀ tó ni n ó ṣe ga tó. Kàkà kó sunwọ̀n, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ọwọ́ mi sì ń sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn ló gbé mi lọ bá Àǹtí Prisca, balógun ẹgbẹ́ wa. Abiyamọ ni, síbẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá tàsé agbọ̀n, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé òkè láti gbà á. Ó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní fífò."

"Ṣebí o ti ń fò. Mo ń rí ọ látibí. O dà bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀."

"Ọwọ́ Heladio ni mo fẹ́ dé."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ?"

"Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ."

Ó tún bó ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Lọ jókòó sílé lọ́la àti lọ́túnla. Bí mo bá gbọ́ pé o fò, àní kó jẹ́ kòtò omi lo fò, má wá síbí mọ́. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Wò ó, mú ẹ̀wà yìí ná, ọwọ́ ò rẹ̀ ọ́."

Lẹ́yìn ìsinmi yẹn ló mú mi lọ sódò. Gbogbo ilé ló ní iyanrìn tirẹ̀ láti gbé gòkè fún iṣẹ́ ìlú. Àǹtí Prisca ní kí n gbé ti ilé wa, kí n sì gbé ti ilé òun mọ́ ọn.

"Ṣé ti fífò ni ti ilé yín náà, Àǹtí?"

"Ti ẹ̀yìn mi ni, tó ń dùn mí. Gbé e, jàre."

Ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n má rìn lórí ìka, kí n fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ti òkè náà sẹ́yìn. "Ilẹ̀ ni kó o tì. Gbogbo yín á kàn máa na ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n so okùn fún látọ̀run. Kò sí okùn kankan níbẹ̀."

Ẹ̀yìn la fi ń gbé iyanrìn, pẹ̀lú okùn tó gba iwájú orí, ó sì wúwo. Bí okùn rẹ̀ ṣe ń há mi níwájú orí ni mo ń rò ó pé iyanrìn tí mo fi ń wá agbára láti bá ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ni wọ́n máa pò láti fi bò ó. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń gbé e.

Nílé, mo ń gbé àpò àgbàdo sí èjìká, mo ń rẹ ara sílẹ̀ títí ìdí mi á fi kan àpótí, n ó sì dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níwájú ilé ìjọsìn, Àǹtí Prisca ń kẹ̀yìn sí mi, èmi á máa bẹ́ sílẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, mo máa tún un ṣe. Ó ní ológbò ò mọ̀ ọ́n fò ju ajá lọ, ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n balẹ̀ lorúnkún rẹ̀ máa ń pẹ́. Ọjọ́ kan la ń fò, ọjọ́ kejì la ń sinmi. Ìgbà tó rí i pé ẹsẹ̀ mi ti le, ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń sáré wá sídìí ògiri.

"Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ti ìkẹyìn ni kó o nà, kó o sì rẹlẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé. Ìkẹyìn, kó yá. Ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Má wo ẹsẹ̀ rẹ, kò ní sá lọ."

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó kọjá ìgbọ̀nwọ́ Heladio. Ó ń súnmọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Màmá rí i. Ní Yaguiná, ẹni tó bá fi ẹfun lé ọwọ́ ẹlòmíràn lára ògiri ti gba ipò onítọ̀hún nìyẹn, orúkọ ẹni tuntun ni wọ́n á máa pe ibẹ̀. Ó ń tẹ tòtíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ wa, lọ́jọ́ náà, kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní o ti fẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"O fẹ́ fi ẹfun tìrẹ bo tirẹ̀."

"Màmá, ṣebí sìmẹ́ńtì náà máa bò ó ní Sátidé."

Ó yí tòtíyà padà lórí iná. "Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọmọ mi. Ìwọ lọmọ mi."

Mo jẹun, mo lọ gbé iyanrìn.

Ní Sátidé náà, oòrùn ò tíì la ìkúukùu kọjá tí pápá ti kún. Wọ́n ti kó ṣọ́bìrì jọ, àwọn onífèrè ń dán orin ọdún wò lábẹ́ igi. Bàbá Gaudencio, tí ìgbìmọ̀ fi ṣe olórí iṣẹ́, fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì. Àǹtí Prisca lọ dúró síwájú ògiri, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí fò ná, Bàbá."

"Kó fò kíá. Ọdún ò ní dúró dè é."

"Ẹ̀yin gan-an ẹ wá fò ná," ọkùnrin kan ké látẹ̀yìn. "Ọwọ́ yín ti ìgbà yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ ń lá a." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá Gaudencio náà rẹ́rìn-ín.

Mo ti ọwọ́ bọ ẹfun, mo sáré, mo fò. Mo bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo tún fò. Orí ìka mi dé ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ku nǹkan díẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo mí. Ìgbà yẹn ni mo rí Màmá létí pápá, igbá àgbàdo lílọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó kàn dúró, ó ń wo òkè, bó ṣe máa ń wò ó lójoojúmọ́.

Mo lọ sídìí omi tí wọ́n pọn sílẹ̀ fún sìmẹ́ńtì. Mo fọ ọwọ́ mi títí kò fi ku ẹfun kankan, mo sì fi yẹ̀rì nù ún gbẹ.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" Bàbá Gaudencio ní. "Otilia, láìsí ẹfun a ò ní kà á sí fífò o."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Mo sáré. Mo na ìgbésẹ̀ yẹn, mo rẹlẹ̀ níbẹ̀, mo ti ilẹ̀. Títí di òní, bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń rí i bí ògiri pupa náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ níwájú mi, tí ọwọ́ mi ń kọjá ọwọ́ mi àtijọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi bá tirẹ̀. Ó tutù, ó rí pàkìpàkì. Ìka rẹ̀ gùn ju tèmi lọ, mo mọ̀ ọ́n lára níbi tí tèmi parí sí. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì dún.

"Níbo ló dé?" wọ́n ń bi ara wọn.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ó dé ibẹ̀," Àǹtí Prisca ní. "Ojú mi ló ṣe."

"Ojú rẹ kì í ṣe ẹfun, Prisca." Bàbá Gaudencio gbé ṣọ́bìrì. Kò fi ìkà sọ ọ́. Òfin ògiri nìyẹn. "Ó yá, ẹ po sìmẹ́ńtì."

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi mọ̀ pé Otilia ò dé ọwọ́ Heladio rí. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ títí di òní, bí wọ́n bá ṣì ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Èmi náà gba ọ̀nà àríwá, mo fi gbogbo agbára mi ṣiṣẹ́ ní Los Angeles. Gbogbo ará òkè wa tí mo bá pàdé ni mò ń bi léèrè Heladio. Nínú bọ́ọ̀sì, mi ò kì í wo ojú àwọn arúgbó ọkùnrin, ọwọ́ wọn ni mo máa ń wò bí wọ́n bá di irin mú, mo ń wá àtàǹpàkò tó tẹ̀ síta. Mo ṣì ń wò ó. Ní Sunday, àwọn ọmọ wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní pápá kan níbí, wọ́n ga, wọ́n jẹ ẹran dàgbà. Wọ́n ń fò láìmọ̀ pé wọ́n ń fò.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mi ò dúró wo bí wọ́n ṣe rẹ́ ògiri náà. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo rìn lọ sílé bẹ́ẹ̀. Màmá ti dé ṣáájú mi, ó ti gbé àgbàdo tuntun kaná nínú omi ẹfun. Mo ṣí ọwọ́ mi síwájú rẹ̀. Ẹfun ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi, ó rí lẹ́búlẹ́bú, kò pọ̀ tó èyí tí èèrà lè gbé.

"Mi ò bò ó," mo ní.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé aṣọ ló máa mú wá, pé ó máa dì í pamọ́. Ó fa ọwọ́ mi wá sókè ìkòkò, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ gbá ìlà ọwọ́ mi kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sínú àgbàdo. Ó rò ó pọ̀. Ó bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ àgbàdo náà, ó sì fi tẹ tòtíyà. Ó fún mi ní àkọ́kọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Òun náà mú ọ̀kan, ó bù ú díẹ̀díẹ̀, kò fi ata sí i, kò fi ẹ̀wà sí i. A gbọ́ ìró fèrè láti pápá, ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Kò yá wa lára láti dìde.