Dígí Tawakalitou

Chérifatou ti sọ fún gbogbo ìlú Tchaourou pé ìpàtẹ òun kò ní mu epo kankan. Bí iṣu ṣe ń di gbodo tí gbodo ń di èlùbọ́ ló fẹ́ fi han aráyé, iṣẹ́ tó jẹ́ pé oòrùn ló ń ṣe é jù. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń yin oòrùn ló yẹ kí ẹ̀rọ ti máa rú èéfín?

Tonton Aboudou, alága ilé àwọn ọ̀dọ́, kò gbà.

"Gbọ̀ngàn yìí ṣú bí inú ìkòkò. Tí èèyàn bá wọlé tí kò rí nǹkan, mo máa pe oní-gúrúpù kó gbé ẹ̀rọ iná rẹ̀ wá, ẹlòmíràn ló sì máa ṣe ìpàtẹ tó ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, tonton."

Chérifatou jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí oòrùn ṣe ń rìn. Ó rí i pé bí dígí ńlá bá wà níta, tí ó kọjú díẹ̀ sí oòrùn, díẹ̀ sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á bà lé e, á sì ta wọlé lọ bá aṣọ funfun tí òun ta sókè, aṣọ á wá fọ́n ọn ká. Ẹní tí wọ́n fi ń sá gbodo ló fi ṣe ògiri àfihàn. Kò ra nǹkan kan. Dígí nìkan ló kù, Tawakalitou onídìrí ló sì ni èyí tó tóbi jù.

"Gbé e lọ," ni Tawakalitou wí. "Àmọ́ tí iṣẹ́ bá dé, mo máa lo dígí mi o."

Nígbà tí Chérifatou ń mú ọjọ́ ìpàtẹ, ó ti yẹra fún ọjọ́ ọjà, ó ti yẹra fún Jímọ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó máa ń dirí ló gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn mọ́ kedere. Tonton Aboudou la ẹnu láti kí àwọn àlejò, gbogbo ibẹ̀ sì ṣókùnkùn.

"Wọ́n ti mú iná lọ!" ni àwọn èrò pariwo.

Chérifatou sáré jáde. Tawakalitou kò lè dá gbé dígí náà, ló bá kúkú mú ìyàwó tó ń dirí fún wá bá a níbẹ̀. Ọmọge náà jókòó pa, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí, irun ẹ̀gbẹ́ kan ti dì, èkejì nà síta bí ìgbálẹ̀.

"Tata, orí ìyàwó ló bo oòrùn!" ni Chérifatou wí fún onídìrí.

"Kí n wá gé e sílé ni? Ìyàwó, tẹrí ba."

Ó tẹrí ba, iná dé. Ó gbórí sókè kó wo ara rẹ̀, iná lọ. Nínú ilé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó.

Chérifatou dúró, ó fi ọwọ́ tọ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀: ibí ló gbà dé ojú dígí, ọ̀hún ló gbà lọ sí fèrèsé. Àárín méjèèjì ṣófo! Ó fa àpótí tí ìyàwó jókòó lé sẹ́yìn, sáàárín gan-an. Ọmọge náà wo iwájú, ó rí ojú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Gbọ̀ngàn mọ́.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í dúró de onídìrí. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lójú fèrèsé. Tonton Aboudou fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó ká apá agbádá, ó di dígí mú, ó ń yí i tẹ̀lé oòrùn, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ìyàwó, sún díẹ̀! Ó tó, ó tó!"

"Tonton, oní-gúrúpù ńkọ́?" ni Chérifatou bi í.

"Gúrúpù wo? Kó wá da epo sára ìyàwó oníyàwó?" Ó tún yí dígí díẹ̀. "Ìpàtẹ tó ń bọ̀, kí o tó mú ọjọ́, lọ bi Tawakalitou ìyàwó wo ló ń bọ̀ wá dirí. Kó jẹ́ ẹni tí irun rẹ̀ pọ̀, kí ó lè pẹ́ lórí ìjókòó, kí dígí má tètè lọ."