Ẹ̀fúùfù Kò Fò

Yunifásítì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ni ọmọ mi náà ń lọ, eré sísá kan náà ló sì gbé e débẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fi eré sílẹ̀, ó kọ̀. Ọmọ tó bá ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ẹnu lásán la fi ń nà án. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí yàrá ìtàn àwọn eléré ìdárayá wọn láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, tí ọmọ mi yóò sì sáré lọ́sàn-án, mo wọ bàtà, mo gbọ̀nà ibẹ̀.

Ọ̀dà tuntun ń rùn nínú yàrá náà. Kóòṣì tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi láyé ọjọ́un ló ń mú èmi, ọmọ mi àti àwọn àlejò yòókù kiri. Ó ti darúgbó, síbẹ̀ òun náà ló ń kọ́ ọmọ mi. Mo rò pé ó ti kọ́gbọ́n. Ó fi àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ hàn wá nínú ṣòkòtò tí èèyàn méjì lè wọ̀ pọ̀, ó fi àwọn obìnrin tó gba ife ẹ̀yẹ fólíbọ́ọ̀lù hàn wá, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ kúrò lára ògiri tó kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, Ẹ̀fúùfù, bí wọ́n ṣe máa ń pè é. Ó na gbogbo ara síwájú lórí okùn ìparí eré, ó la ẹnu, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà láyà. Àwòrán yìí kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀wù gbogbo asáré wọn.

“Ẹ wo bó ṣe fò!” ni Kóòṣì wí. “Ọmọ àbúrò rẹ̀ nìyí o. Lónìí, òun náà á fò!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fò kẹ̀? Èmi ni mo gbé súwẹ́tà rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán yìí. Níṣojú mi ló sọ fún Kóòṣì pé àyà ń dun òun, ìyẹn sì ní ẹ̀rù lásán ni, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, á lọ. Ó borí lóòótọ́. Ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Oríyìn tí wọ́n kó wá sílé wa pọ̀, àmọ́ oríyìn kì í jí òkú.

Omijé ti fẹ́ bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ọwọ́ ọmọ mi. Ó rọra ń ra àyà rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun.

“Kí ló ń ṣe ẹ́ láyà?”

“Kò sí nǹkan, Mọ́mì.”

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ẹ̀rù lásán ni. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, á lọ.”

Mo bọ́ sí àárín òun àti ọmọ mi.

“Bàbá, Ẹ̀fúùfù ò fò,” mo ní, gbogbo yàrá sì gbọ́. “Ó ń ṣubú ni. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

Ọmọ mi wo ògiri náà títí, ó wá wo àwòrán tó wà láyà ẹ̀wù òun fúnra rẹ̀.

“Mọ́mì,” ó ní, “ó ti ń dùn mí láti ìjẹta. Mo sọ fún Kóòṣì.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.