Aago Inú Yàrá Ẹ̀yìn

"Kọ orúkọ Sewanu sínú ìwé ẹ̀sùn yẹn, kí o fọwọ́ sí i," Ọ̀gá Adékọ́lá wí. "Kí lo tún ń wò?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ ná, sà," Hidayah fèsì, kò gbójú sókè.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ rèé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà ní Badagry. Dátà ń tán láìtọ́jọ́, Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ti ní ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò lọ sílé. Adékọ́lá, máníjà wọn, ní Sewanu tó ń gbálẹ̀ ló ń fi wo fíìmù. Hidayah ni máníjà yìí yàn pé kó yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, torí ó gbà pé ọmọṣẹ́ tuntun ò lè rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà náà kò yé e. Ló bá bi AI orí fóònù rẹ̀. AI ní kó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó ń gbé dátà jáde jù lọ. Ọ̀kan ta yọ. Kì í ṣe fóònù ẹnikẹ́ni, aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́.

"Ó jọ kámẹ́rà tó ń fi fídíò ránṣẹ́," AI kọ. "N ò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá a rí kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni."

Aago méje ni ọkọ̀ ojú omi ń já Sewanu sílẹ̀ láti erékùṣù Gberefu. Omi ọ̀sà á ti rin ìró rẹ̀ gbindin, yàrá ẹ̀yìn ló sì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Hidayah náà ti tún híjáàbù rẹ̀ wé níbẹ̀ rí. Kò sí nǹkan kan lára ògiri ibẹ̀ àfi aago tí Adékọ́lá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́ lóṣù tó kọjá.

Hidayah lọ já a wálẹ̀. Gíláàsì kékeré kan, ojú kámẹ́rà, ń dán lábẹ́ nọ́ńbà kejìlá. Ó rántí bí ọkùnrin náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín láràárọ̀ pé, "Sewanu, o kú ewu omi o." Ó kórìíra àga tó fi ń jókòó tì í nídìí iṣẹ́.

Ó gbé aago náà jáde. Adékọ́lá rí i, ó dìde. "Hidayah, jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa."

Hidayah yíjú sí Sewanu tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí Sewanu, ẹ gbé báàgì yín. Àgọ́ ọlọ́pàá la ń lọ. N ó pe Alhaja lọ́nà."

Sewanu wo aago náà, ó wo Adékọ́lá. Ìró rẹ̀ ò tú, síbẹ̀ ó fà á, ó tún un dì ṣinṣin mọ́ àyà.