Ihò tí Ojú Kò Rí

Dókítà méjì ló wà nínú ẹbí náà. Ẹ̀gbọ́n ni dókítà ẹ́ńjìnnì: ọkọ̀ tó bá ń wúkọ́, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni dókítà oníwèé. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe ọ̀rá kan nínú yàrá ìwádìí, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, tí ihò ara rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Omi á gba ibẹ̀ kọjá, epo á dúró sẹ́yìn.

“Ihò tí a kò rí!” Ẹ̀gbọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ṣé wọn ò ti lù ọ́ ní jìbìtì báyìí?”

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi tí Ẹ̀gbọ́n fi fọ irin ẹ́ńjìnnì ṣàn dé ẹnu ọ̀nà ìyá aránṣọ tó múlé tì í. Aṣọ funfun oníbàárà já bọ́ sínú rẹ̀, ó sì jáde ní dúdú. Ìyá náà gbé aṣọ náà wá síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bó ṣe dìde, fóònù ló gbá mú.

“Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbé jìbìtì ẹ wá.”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àbúrò ti dé. Ó fi ọ̀rá náà dí ìsàlẹ̀ ọpọ́n gíga kan tí kò nídìí, ó gbé e lé orí garawa, ó sì da omi elépo sí i. Wọ́n dúró. Ẹ̀kán kan ò bọ́. Ẹ̀gbọ́n wá bẹ́ǹṣì, ó nà sórí rẹ̀.

“Ó dà bíi pé omi yìí ti sùn o.”

Òógùn bo àbúrò. Ó yọ ọ̀rá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rántí. Ó yẹ kó kọ́kọ́ fi omi mímọ́ rin ín, kí omi ti gba àyè nínú ihò kí epo tó dé. Ohun tó ń kọ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ó rò ó pé kóun purọ́. Kò lè ṣe é.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo gbàgbé.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Èmi náà to ẹ́ńjìnnì tán rí, irin méjì ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ṣì ń rìn títí dòní. Ṣe òmíràn, jàre.”

Àbúrò rẹ ọ̀rá tuntun sínú omi mímọ́, ó fi dí ọpọ́n, ó sì tún da omi elépo sí i. Tó, tó, tó. Omi tó bọ́ sínú garawa mọ́ gaara, epo dúdú sì jókòó sókè bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Ẹ̀gbọ́n tọwọ́ bọ omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì figbe ta pe ìyá aránṣọ.

“Ẹ wá wo ohun tá a ṣe! Ihò rẹ̀ nìkan, ojú ò lè rí i! Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ín o, àṣírí ibẹ̀ nìyẹn!”

Àbúrò fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ó bi í nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Àwa wo lẹ ń sọ?”

Ìyá aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo garawa, ó wo ọpọ́n.

“Ṣé ó lè ya ọkọ mi kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀?”

“Háà, ìyá,” ni Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, “ìyẹn á gba ihò tó tún kéré jùyẹn lọ.”