Mọ́tò Tí Kì í Ṣe Tiwa

Rhoda kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò tirẹ̀, òun nìkan ló máa ń jókòó sínú rẹ̀ láti Kabba lọ sí Iyara, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Hezekiah, tí tábìlì wọn jọ kọjú síra, ní mọ́tò tirẹ̀. Morónkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tó ń mójú tó ìmọ́tótó àyíká, náà ní tirẹ̀. Mọ́tò mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta, ojú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí epo gbówó lórí tó sì kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, Morónkẹ́ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èéfín lásán là ń tú sílẹ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa wọ ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ yìí, tèmi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tiyín."

Inú ọ̀gá wọn dùn nígbà tó gbọ́, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń ti Kabba wá máa ṣe bẹ́ẹ̀. Rhoda gbà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá wọ mọ́tò ẹlòmíràn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sí ìkáwọ́ onítọ̀hún.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó padà, wọ́n ti gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọbalolúwa wá sí ọ́fíìsì wọn, òun náà sì ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wọ mọ́tò pọ̀. Rhoda kò tíì fojú kàn án rí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Hezekiah pè é.

"Ọ̀sẹ̀ Ọbalolúwa ni. Ìwọ ló máa kọ́kọ́ gbé, kó tó wá gbé èmi àti Morónkẹ́. Mọ́tò aláwọ̀ eérú ni. Dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìkòríta."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ọyẹ́ bo ìlú débi pé Rhoda kò rí orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó dúró sí iwájú rẹ̀. Ó fi ìborùn wé orí àti etí. Kò pẹ́ tí mọ́tò aláwọ̀ eérú kan fi yọ, tó rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un.

"Ẹ okun o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, òtútù pọ̀."

"Okun o. Ẹ kú iṣẹ́." Rhoda wọlé. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọlúwàbí ni Ọbalolúwa yìí.

Ìyá àgbà kan jókòó níwájú. Bí mọ́tò ti ń lọ, ìyá náà yí ara padà, ó tẹjú mọ́ Rhoda títí ojú fi ti Rhoda.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mama."

"Ọmọ mi," ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Ṣé ọ̀nà kò ni ọ́ lára?"

Rhoda rò pé ìsinmi rẹ̀ ló ń bèèrè. "Rárá, Mama. Ara mi le."

"A dúpẹ́. Bàbá ń retí rẹ. Láti àná ló ti ń bèèrè pé ṣé o ti dé."

Bàbá wo? Bàbá Rhoda ti kú tipẹ́. Ó ní bóyá ọ̀gá wọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀gá wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún, kò sì sí ìgbà kan tó bèèrè òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ó wo ẹ̀yìn orí awakọ̀, kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Ìyá náà na àkàrà tó gbóná sí i láti inú àpò. Ó gbà á. Ó ní inú rere ni.

"Bí o bá rí i," ìyá náà tún wí, "má sunkún. Ó ti rù gan-an."

Rhoda gbé àkàrà náà kúrò lẹ́nu. Ó wo fèrèsé. Funfun ni gbogbo ìta, igi kan á yọ, á tún parẹ́. Ó yẹ kí wọ́n ti dúró gbé Hezekiah àti Morónkẹ́, wọn kò dúró. Ó fẹ́ bèèrè, àmọ́ ó rò pé bóyá wọ́n ti yí ètò padà nígbà tí òun ò sí nílé, kò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ń kọ́ àlejò ní ọ̀nà tó mọ̀. Ìgbà tó rí àkọlé Mopa, ìlú tí kò sí lójú ọ̀nà Iyara, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ẹ̀rù tó bà á gan-an.

"Ọbalolúwa," ó pè é, "níbo là ń lọ?"

Awakọ̀ náà wò ó nínú dígí. "Àǹtí, ta ni Ọbalolúwa? Gbémiga ni mí. Èmi àti ẹ̀yin la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Isanlu là ń lọ, ọ̀dọ̀ bàbá yín."

"Bàbá mi? Ta lẹ pè mí?"

"Naomi kẹ̀," ìyá náà wí. "Ṣé kì í ṣe Naomi ni ọ́?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Kabba padà dé lójijì, fóònù Rhoda sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Hezekiah ni.

"Rhoda! Níbo lo wà? Obìnrin kan wà nínú mọ́tò wa, ó ń sunkún pé ká gbé òun dé ọ̀dọ̀ bàbá òun. Ọbalolúwa bá a níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé ìwọ ni. Fóònù obìnrin náà ti kú, kò mọ nọ́ńbà ẹnì kankan lórí."

"Naomi ni orúkọ rẹ̀," Rhoda wí. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e báyìí.

Gbémiga dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì ṣàlàyé. Mama Cecilia, ìyá òun, ni àbúrò fún bàbá àgbà kan ní Isanlu tó ń jẹ́ Michael. Nígbà tí Naomi, ọmọ bàbá náà, wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Kaduna, kò sì sẹ́ni tó tún fojú kàn án nínú ẹbí. Ní báyìí tí àìsàn ti dá Bàbá Michael dùbúlẹ̀, Naomi nìkan ló ń bèèrè. Ó ti wọ ọkọ̀ wá láti Kaduna, wọ́n sì ti ṣàdéhùn pé kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jẹ́ ká padà," Rhoda wí.

Kí Gbémiga tó yí mọ́tò, wọ́n pè é láti Isanlu. Èémí bàbá kò já gaara mọ́. Ọwọ́ Gbémiga kúrò lórí gíà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Rhoda.

"Ẹ máa lọ," Hezekiah pariwo nínú fóònù tí Rhoda kò tíì pa. "À ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Mọ́tò kan la ní lónìí, gbogbo wa la jọ ń bọ̀."

Báyìí ni Rhoda ṣe dé ilé ẹni tí kò mọ̀ rí. Yàrá náà ń gbóòórùn òróró ìpara àti èéfín igi. Ojú bàbá àgbà náà ti ṣú, kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó na ọwọ́ síta, ọwọ́ náà sì bọ́ sórí ọwọ́ Rhoda.

"Naomi."

Rhoda wo Mama Cecilia. Mama Cecilia wo ilẹ̀. Bó bá sọ pé òun kọ́, ṣé bàbá yìí á lè dúró de èyí tó ń bọ̀? Bó bá sì ní òun ni, irú ènìyàn wo lòun dà?

"Naomi," bàbá tún wí, "ṣé àrá ṣì máa ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá," Rhoda wí. Òótọ́ kan ṣoṣo tó rí sọ nìyẹn. Bàbá náà mi orí bí ẹni pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, kò sì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí mọ́tò kejì fi dé. Obìnrin kan yọ sẹ́nu ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ ti tú, ojú rẹ̀ ti wú. Hezekiah, Morónkẹ́ àti Ọbalolúwa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi Haúsá sọ̀rọ̀ kó tó rántí Yorùbá.

"Ni ce, Baba. Èmi ni. Èmi Naomi."

Bàbá náà fajú ro. "Naomi ti dé. Òun ni mo dì mú yìí. Ta lèyí?"

Naomi wo Rhoda bí ẹni tí wọ́n gba ilé mọ́ lọ́wọ́. Rhoda fa ọwọ́ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ Naomi rọ́pò rẹ̀.

"Ó bèèrè bóyá àrá ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù," ó sọ ọ́ sí i létí.

Naomi bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. "Bàbá, abẹ́ ibùsùn ni mo ṣì ń sá sí. Àwọn ọmọ mi fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́."

Bàbá náà fi ọwọ́ wá ojú Naomi, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rín ẹ̀rín kan tó di ikọ́.

"Ó dára," ó wí. "Méjì ni yín, nígbà náà. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì."

Rhoda fẹ́ jáde, Naomi ló dì í láṣọ mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó.

Lójú ọ̀nà padà, nínú mọ́tò Ọbalolúwa, Morónkẹ́ fi òfin kan lélẹ̀: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò láìbèèrè orúkọ awakọ̀. Ọbalolúwa bẹ Rhoda, Rhoda bẹ Ọbalolúwa, kò yé ẹnikẹ́ni ẹni tó jẹ̀bi. Hezekiah bèèrè ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ̀gá. Wọ́n dábàá oríṣiríṣi, kò sí èyí tó dún bí òótọ́.

Bàbá Michael kò kú ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kú nínú ọyẹ́ yẹn. Naomi gba yàrá sí Kabba kó lè máa rí i. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó máa ń bá Gbémiga lọ sí Isanlu, Rhoda sì máa ń dúró dè wọ́n ní ìkòríta, nítorí bàbá náà kò yéé bèèrè èkejì. Mọ́tò Rhoda wà nílé. Ó ti rò ó pé kó máa gbé e lọ, àmọ́ kí ni mọ́tò méjì ń wá lọ sí ilé kan?

Àwọn ará àdúgbò bàbá máa ń bèèrè irú ẹbí tí Rhoda jẹ́ sí bàbá náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, àlàyé náà sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ní báyìí, ohun tó ń sọ kò ju pé mọ́tò kan náà làwọn jọ wọ̀ wá. Wọ́n á mi orí, wọ́n á fún un ní àga.